Àwọn Olórí-Aró ní Òkè Dídán

Ẹ fà mọ́ra lábẹ́ igi yìí. Oòrùn ṣì wà lókè, n kò sì ní pẹ́. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀, kí ó lọ bá àwọn tí ojú wọn kò rí nǹkan kan rí.

Ọdẹ ni mí. Mo ti pa ẹfọ̀n tí ìwo rẹ̀ gùn ju apá ẹnikẹ́ni tí ó jókòó síhìn-ín lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ìwo náà wà nílé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dárúkọ Ọdẹ́jìnmí ará Òkè-Ìràwé, èmi a ṣí fìlà. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Ọdẹ́jìnmí bí, Ọdẹ́bùnmi ni orúkọ rẹ̀. Ìyá ọmọ náà kú sórí ìkúnlẹ̀. Ọdẹ́jìnmí fúnra rẹ̀ ni ó pọ̀n ọ́n dàgbà, òun ni ó sì kọ́ ọ ní ìbọn yíyìn. Nígbà tí ọmọ náà tó ilé ọkọ, arẹwà ọkùnrin kan jáde láti inú Igbó Àìwọ̀, ó ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Tètégbọ́ ni wọ́n ń pè é. Fìlà rẹ̀ ga, kì í sì í ṣí i. Ọjọ́ ìgbéyàwó ni ó tó ṣí i, etí méjì sì nà jáde, ó gùn bí etí ehoro. Àwọn ènìyàn sá. Ọdẹ́bùnmi kò sá. Ó ní, "Ẹni tí ó ní etí tó báyìí, yóò máa gbọ́ tèmi." Ó bá a lọ sí ìlú rẹ̀, ìlú àwọn Elétí-Ehoro, ní ìkọjá igbó.

Ó pẹ́ díẹ̀. Alájàpá kan ti ọ̀hún dé, ó ń tiro. Ó sọ fún Ọdẹ́jìnmí pé ogun ti dé. Àwọn Elétí-Ehoro àti àwọn aládùúgbò wọn, àwọn Ẹlẹ́nu-Àyà, ń jà sí Òkè Dídán, òkè kan tí ó wà láàárín wọn, tí òkúta inú rẹ̀ ń tàn bí ojú ológbò.

"Ọmọ mi ńkọ́?"

"Ó wà láàyè nígbà tí mo kúrò. Ó ti bímọ, ṣùgbọ́n ọmú rẹ̀ ti gbẹ. Àwọn alálàáfíà ti dé o. Òkè òkun ni wọ́n ti wá. Orí wọn dúdú bí aró. Wọ́n ti dúró sáàárín."

"Ìjà ti parí nìyẹn."

"Bàbá ọdẹ, ìgbà tí wọ́n dé gan-an ni òkú wá pọ̀ sí i."

Ọdẹ́jìnmí kò gbà á gbọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ kò mọ ìdí rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ní Òkè-Ìràwé, bí ọdẹ méjì bá ń jà sí ẹran kan, ọdẹ mìíràn a bọ́ sáàárín. Àwọn méjèèjì a gbé ìbọn wọn sílẹ̀ níwájú rẹ̀, òun a sì pín ẹran náà fún wọn. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ nínú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi ìka kan ọbẹ̀ rẹ̀ lá. Tí ó bá jẹ ẹ́, àwọn tí ń jà yóò fi ìjà tiwọn sílẹ̀, wọn yóò dojú kọ ọ́, ohun tí wọ́n bá sì fi í ṣe, ẹnikẹ́ni kò ní bèèrè. Inú òfin yìí ni wọ́n bí Ọdẹ́jìnmí sí. Kò mọ̀ pé irú alálàáfíà mìíràn wà láyé.

Ó mú ṣakabùlà rẹ̀, ó mú àdá, ó mú ẹ̀tù. Ó ní òun ń lọ mú ọmọ òun wálé.

Ní ẹnu Igbó Àìwọ̀, ó bá Àjẹsanra. Orí rẹ̀ jẹ́ orí igún, ara rẹ̀ jẹ́ ara ènìyàn. Ó jókòó lórí òkìtì egungun. Ó ti sanra kọjá fífò, ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní tó ti gbó.

"Ìwọ ọdẹ, dúró níbẹ̀," ni Àjẹsanra wí. "Ẹran ara rẹ ti yi, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣa oúnjẹ. Dáhùn ìbéèrè mi kan, n ó jẹ́ kí o kọjá. Ta ni ó ń pe ara rẹ̀ ní panápaná, tí ó tún ń ta igi ìdáná?"

"Ẹni tí iná ń bọ́."

Àjẹsanra na ọrùn. "O mọ̀ ọ́n. Ta ló sọ ọ́ fún ọ?"

"Ikùn rẹ ni."

Inú Àjẹsanra dùn, ó fọwọ́ pa ikùn náà. "Ó dára, àbí? N kò rí báyìí tẹ́lẹ̀. Kí àwọn Olórí-Aró tó dé, mo máa ń gbààwẹ̀ tipátipá. Ẹni kan lónìí, ó tún di oṣù tó ń bọ̀. Nísinsìnyí, n kò lè jẹ ẹ́ tán."

"Ọ̀nà dà?"

"Inú mi ni ọ̀nà gbà," ni Àjẹsanra wí, ó sì la ẹnu.

Ó gbé apá ọ̀tún Ọdẹ́jìnmí mì dé èjìká, pẹ̀lú ìbọn tí ó wà lọ́wọ́ náà. Ọdẹ́jìnmí yin ìbọn náà nínú ọ̀fun rẹ̀. Ẹ̀yìn orí Àjẹsanra ṣí kúrò, ó lọ lẹ̀ mọ́ ara igi. Síbẹ̀ kò kú. Ó ń fi èékánná ya ẹ̀yìn Ọdẹ́jìnmí bí ẹni ń ya aṣọ. Ọdẹ́jìnmí fi ọwọ́ òsì fa àdá yọ, ó ṣá a lọ́rùn, ó tún ṣá a, ó ń ṣá a títí ọrùn fi já. Ó fa apá rẹ̀ yọ kúrò nínú orí náà. Orí wà nílẹ̀, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

"Wàá rí wọn," ni orí náà wí. "Ẹnu wọn dùn ju tèmi lọ."

Ọdẹ́jìnmí fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ó fi ewé di ẹ̀yìn rẹ̀, ó kọjá.

Ìwọ tí o ń yínmú lẹ́yìn yẹn, mo rí ọ. Igi náà ṣì wà. Lọ wò ó, tí o bá láyà.

Nígbà tí ó jáde nínú igbó, Òkè Dídán wà níwájú rẹ̀. Wọ́n ta okùn funfun yí i ká, wọ́n sì ta á yí ìlú méjèèjì ká. Ní apá kan, ìlú Elétí-Ehoro ń rú èéfín. Ní apá kejì, ìlú Ẹlẹ́nu-Àyà ń rú èéfín. Àwọn Olórí-Aró dúró nínú okùn pẹ̀lú ìbọn. Orí wọn ń dán, kò sí irun kan níbẹ̀. Ọwọ́ wọn mọ́ bí ọwọ́ ẹni tí kò ṣiṣẹ́ rí.

Ọ̀gá wọn jáde wá pàdé rẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ènìyàn fi ń pè é ní Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́.

"Ẹ kú ìrìn, bàbá. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ pẹ̀lẹ́ fún ẹ̀jẹ̀ ara yín."

"Mo wá mú ọmọ mi. Ọ̀dọ̀ àwọn Elétí-Ehoro ni ó wà."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Okùn wà níbẹ̀ ni. Ẹni tó bá kọjá rẹ̀, a óò yìn ín níbọn. Ó ń dùn wá, ṣùgbọ́n nítorí àlàáfíà ni."

Bí ó ti ń sọ ọ́, ìyá arúgbó kan tó jẹ́ Elétí-Ehoro na ọwọ́ gba abẹ́ okùn láti ṣa igi gbígbẹ kan. Ìbọn dún. Ọwọ́ náà já bọ́ sínú okùn, ìyá náà ṣubú síta.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá," ni Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ wí. Ó wo apá kejì. Ọmọkùnrin Ẹlẹ́nu-Àyà kan ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́, ó sì ti fi ẹsẹ̀ tẹ okùn láìmọ̀. Ìbọn tún dún. "Ìwọ náà, pẹ̀lẹ́."

Ọdẹ́jìnmí di ìbọn rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n ó rí i pé wọn kò gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Ó rò pé ọwọ́ wọn ni ó le, pé inú wọn mọ́. Àṣìṣe rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Bàbá, ìbọn ọwọ́ wọn ni ó fa gbogbo èyí. Tí ìlú méjèèjì bá kó ìbọn wọn fún wa, a óò tú okùn, ẹ óò sì mú ọmọ yín lọ. Wọn kò gbọ́ tiwa, nítorí àjèjì ni wá. Ẹ̀yin, ọdẹ ni yín. Wọn yóò gbọ́ tiyín."

Ọdẹ́jìnmí gbé ṣakabùlà rẹ̀ sílẹ̀ níwájú Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe nílé rẹ̀. Kò bi í bóyá ó mọ ìyókù òfin. Ní Òkè-Ìràwé, wọn kì í bi ẹni tí ó bọ́ sáàárín ní irú ìyẹn. Ìwọ̀sí ńlá ni.

Wọ́n gbé okùn sókè fún un, ó wọ ìlú. Ó bá Ọdẹ́bùnmi lábẹ́ ògiri tí kò ní òrùlé mọ́. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sunkún, kò lágbára ẹkún.

"Bàbá mi, ẹ ti darúgbó o."

"Ìwọ náà ti rù."

"Ẹ jẹ́ ká lọ báyìí. Mo mọ ibì kan tí okùn ti dẹ̀, níbi pàǹtí. A lè fi àyà fà gbabẹ̀."

"Iwájú ni a ó gbà lọ. Wọ́n máa tú okùn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọ̀gá wọn."

Ọdẹ́bùnmi tutọ́ sílẹ̀. "Ó kí yín ní pẹ̀lẹ́, àbí?"

Ọkọ rẹ̀, Tètégbọ́, dé. Ọta ìbọn ti gbé etí rẹ̀ kan lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀ nínú eérú. Ọdẹ́jìnmí sọ òfin Òkè-Ìràwé fún un, ó sọ ọ́ fún àwọn àgbà ìlú pẹ̀lú: ẹni tó bá wà láàárín kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, tó bá jẹ ẹ́, àwọn tó ń jà yóò dojú kọ ọ́.

"Òfin yìí dùn-ún gbọ́, Bàbá," ni Tètégbọ́ wí. "Etí kan ṣoṣo ni mo sì fi gbọ́ ọ." Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Wọ́n gbà.

Ó kọjá sí ọ̀dọ̀ àwọn Ẹlẹ́nu-Àyà. Àwọn yẹn ní ẹnu lójú bí tiwa, wọ́n tún ní òmíràn láyà, ó fẹ̀ bí ẹnu apẹ. Ẹnu òkè ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, ti àyà ni wọ́n fi ń jẹun. Balógun wọn ń fi ẹnu àyà fọ́ egungun bí Ọdẹ́jìnmí ti ń ṣàlàyé òfin.

"Ọ̀rọ̀ rẹ mọ́gbọ́n wá, ọdẹ," ni ẹnu òkè wí. "Tí wọ́n bá jẹ ẹ́ ńkọ́?"

"Wọn kò ní jẹ ẹ́."

"Mo ní, tí wọ́n bá jẹ ẹ́?"

"Ẹ̀yin àti ọ̀tá yín ni ẹ ó jọ dojú kọ wọ́n."

Balógun náà gbà.

Wọ́n kó ìbọn jọ sí ẹ̀gbẹ́ okùn, wọ́n dà á bí igi. Àwọn Olórí-Aró kó o gun òkè lọ. Ọdẹ́jìnmí mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó dúró de kí wọ́n tú okùn.

Wọn kò tú u.

Ìbọn dún láti orí òkè. Ọta rọ̀ sí Elétí-Ehoro, ó rọ̀ sí Ẹlẹ́nu-Àyà. Àwọn ará ìhín mọ ìró ìbọn ọ̀tá wọn, wọ́n pariwo pé àwọn ará ọ̀hún ti fi ìbọn pamọ́. Àwọn ará ọ̀hún pariwo bákan náà. Wọ́n fa àdá yọ, wọ́n já okùn, wọ́n pàdé ní ìdí òkè.

N kò ní fi adùn sí èyí. Wọ́n ṣá ara wọn bí ẹni ń ṣán oko. Ẹni tí apá rẹ̀ bọ́ ń fi eyín jà. Etí gígùn ń fò nínú erùpẹ̀. Ẹnu àyà ń gé ọwọ́, ó sì ń gbé e mì. Ọkùnrin kan tó jẹ́ Ẹlẹ́nu-Àyà fi ẹnu àyà há Tètégbọ́ lọ́rùn. Ọdẹ́jìnmí ṣá ọkùnrin náà lórí títí orí fi là, ẹnu náà kò tú. Ó ní láti fi àdá yọ eyín rẹ̀ kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó máa ṣe tán, Tètégbọ́ ti kú.

Ọdẹ́bùnmi dúró ti òkú ọkọ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ta sí ojú ọmọ tí ó pọ̀n.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí ó kó ìbọn rẹ̀ sílẹ̀."

"Èmi ni."

Ọdẹ́jìnmí gun òkè lọ láti bi àwọn Olórí-Aró pé ta ni ó yìnbọn.

Ó bá wọn nídìí oúnjẹ.

Ìkòkò ńláńlá wà lórí iná. Òkúta Òkè Dídán ni ó ń hó nínú rẹ̀, ó ti rọ̀ bí iṣu. Wọ́n ń bu ú sínú abọ́, wọ́n ń fi omi rẹ̀ lé e, wọ́n ń da àjẹkù padà sí ìkòkò. Àgbọ̀n wọn ń tàn, eyín wọn ń tàn. Wọ́n ti jẹ ẹ̀yìn òkè náà wọnú, ó kù díẹ̀ kí ó di ihò. Lẹ́yìn ihò náà, àwọn ẹyẹ irin bà sílẹ̀, wọ́n la ikùn, àwọn Olórí-Aró mìíràn ń ki òkúta sí wọn nínú, àwọn ẹyẹ náà sì ń fò lọ sí ìhà òkun. Ìbọn àwọn ará ìlú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ẹnu wọn ṣì ń rú èéfín.

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ nu ẹnu. "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Ẹ jókòó. Ẹ bá wa jẹ ẹ́."

"Ohun tí wọ́n ń jà sí nìyí."

"Òun náà ni. Ó dùn. Ẹ má rò pé àwa nìkan ni. Àwọn tí ó rán wa wá fẹ́ràn rẹ̀ jù wá lọ."

"Ta ni ó yìnbọn?"

"Àwa ni. Bàbá, ẹ fara balẹ̀ rò ó. Tí wọ́n bá parí ìjà, wọn yóò gòkè wá, wọn yóò bèèrè ohun tí a ń ṣe níbí. Kí ni a óò sọ?" Ó bu omi òkúta, ó nà án sí i. "Ẹ pẹ̀lẹ́."

Ọdẹ́jìnmí ṣá ọwọ́ tí ó di abọ́ náà. Ọwọ́ àti abọ́ jọ ṣubú. Kò dúró jà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ìkòkò kan mú lórí iná, ó gbé e lé àyà, ó sáré. Awọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìkòkò. Omi gbígbóná ń ṣàn sí i lára, ara ń bó. Wọ́n ń yìnbọn tẹ̀lé e. Ọta kan wọ ìtan rẹ̀, òmíràn dá etí rẹ̀ lu. Kò jù ú sílẹ̀. Mo mọ àwọn ọkùnrin tí iná ìtùfù ta sí lára tí wọ́n pe orúkọ ìyá wọn. Èmi náà pe ti ìyá mi rí. Ọdẹ́jìnmí kò pe ẹnikẹ́ni.

Ó dé àárín ìjà, ó fọ́ ìkòkò náà mọ́lẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ sọ. Gbogbo wọn rí i: òkúta òkè wọn, ó ti jinná, àpá eyín wà lára rẹ̀. Àdá dúró lókè. Balógun àwọn Ẹlẹ́nu-Àyà bẹ̀rẹ̀, ó mú òkúta kan, ó yí i wò. Ẹnu òkè rẹ̀ àti ẹnu àyà rẹ̀ jọ sọ̀rọ̀ pọ̀. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

"Wọ́n ti jẹ ẹ́."

Elétí-Ehoro kan tí ó fẹ́ ṣá a lọ́rùn tẹ́lẹ̀ na ọwọ́, ó fà á dìde. Wọ́n jọ gòkè.

Àwọn Olórí-Aró fi ìbọn àwọn tó ń bọ̀ yìn wọ́n. Ìlà àkọ́kọ́ ṣubú, ìlà tó tẹ̀lé e gun orí wọn kọjá. Elétí-Ehoro a gbọ́ ibi tí ọta ń gbà bọ̀ kí ó tó dé, a ké, Ẹlẹ́nu-Àyà a sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe dé ibi ìkòkò. Wọ́n ti Olórí-Aró sínú ìkòkò tí ó ń hó. Wọ́n fi okùn funfun yẹn fún àwọn mìíràn lọ́rùn. Ọdẹ́jìnmí bá Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ní ẹnu ẹyẹ irin, ó ń fi ọwọ́ tó kù gòkè.

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ni Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ wí.

Ọdẹ́jìnmí la ikùn rẹ̀. Òkúta dídán ni ó dà sílẹ̀. Ó ń kí i ní pẹ̀lẹ́ títí ẹ̀mí fi bọ́. Ẹyẹ irin kan fò, òkúta pọ̀ nínú rẹ̀ jù, ó já sínú igbó, ó jóná pẹ̀lú àwọn tó wà nínú rẹ̀. Àwọn ẹyẹ tó kù fò lọ.

Ìlú méjèèjì jọ gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n jọ sin òkú. Wọn kò pín ibojì. Wọ́n dá ṣakabùlà Ọdẹ́jìnmí padà fún un, wọ́n fi òrí pa á lára.

"Ó yá, jẹ́ ká lọ sílé," ni ó wí fún ọmọ rẹ̀.

Ọdẹ́bùnmi pọn ọmọ, ó tẹ̀lé e. Kò bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n wọ inú Igbó Àìwọ̀, bàbá ń tiro níwájú, ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n rìn títí wọ́n fi ń rí èéfín Òkè-Ìràwé láàárín igi.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé àwọn kan tí ń bọ̀. Orí tiwọn pupa bí osùn. Wọ́n ń kọrin. Ọ̀gá wọn yà lọ́nà fún bàbá àti ọmọ, ó tẹrí ba.

"Ẹ kú ewu ọ̀nà o. A gbọ́ pé ìjà wà níwájú."

"Ó ti parí," ni Ọdẹ́jìnmí wí.

"A dúpẹ́. A wá ṣọ́ ọ ni, kí ó má baà tún bẹ̀rẹ̀."

Ọdẹ́bùnmi wo èjìká wọn. Gbogbo wọn ni ó gbé ṣọ́bìrì, tuntun ni, ó ń dán. Ó la ẹnu fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣọ́bìrì ṣe?"

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "A ó fi bá yín sin òkú yín ni, arábìnrin."

"A ti sin òkú wa."

Ó na ọwọ́ sí èjìká bàbá rẹ̀, ó mú ìbọn. Bàbá rẹ̀ jẹ́ kí ó mú un. Ó yìn ín. Ọ̀gá náà ṣubú lé ṣọ́bìrì rẹ̀, orí pupa náà là. Àwọn yòókù sá wọ igbó. Wọn kò sá jìnnà. Ewé ń mì níbi tí wọ́n ba sí.

Ọdẹ́bùnmi dá ìbọn padà fún bàbá rẹ̀. "Ẹ rọ ẹ̀tù sí i, Bàbá mi." Ó yí padà, ó kọjú sí ọ̀nà Òkè Dídán, ó ń yára lọ láti kìlọ̀ fún wọn.

Ọdẹ́jìnmí wo èéfín ilé. Ó wo ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀, àti ẹsẹ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún lára ìyá rẹ̀. Ó da ẹ̀tù sí ìbọn. Kò dúró kì í tán. Ó ń kì í lọ lójú ọ̀nà, ó ń tiro tẹ̀lé wọn.

Mo gba Òkè-Ìràwé kọjá ní ẹ̀ẹ̀rùn tó lọ. Ilé rẹ̀ ti wó. Àwọn ará ibẹ̀ ní, tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ wá láti ìhà igbó, wọ́n ṣì ń gbọ́ ìbọn.

Ó tán lẹ́nu mi. Ẹ gbọn erùpẹ̀ ìdí yín, ẹ máa lọ.